Ẹ̀rọ Kì í Ka Nọ́ńbà Ìdí Ike

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ní kí n má da ara mi láàmú lórí abọ́ ike dúdú tí mo ń bá àwọn èèyàn wí lé lórí, pé nọ́ńbà 5 tó ń sọ irú ike tó jẹ́ ṣáà wà nínú onígun mẹ́ta ìdí rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣa ike sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún àtúnlò á rí i. Ẹ̀rọ wo? Ẹ̀rọ yẹn kì í ka nọ́ńbà, kò sì mọ̀ pé onígun mẹ́ta kankan wà nídìí ike.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń kà. Bí ike bá ń sáré kọjá lórí bẹ́líìtì, iná halogen á tàn sí i, sẹ́ńsọ̀ á sì wo èyí tó ta padà nínú ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú èèyàn ò lè rí, ní nǹkan bí 900 sí 1700 nanometer. Ìsopọ̀ kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn inú ike ló máa ń gbé apá kan ìmọ́lẹ̀ náà mì, ibi tí PET (ike ìgò omi, nọ́ńbà 1) sì ti ń gbé tirẹ̀ mì yàtọ̀ sí ti polypropylene (nọ́ńbà 5). Kọ̀ǹpútà á dá a mọ̀ wàrà, afẹ́fẹ́ á sì fẹ́ ike náà sí àyè tirẹ̀. Ìdí ike ì báà dojú bolẹ̀, ì báà ti fọ́ yángá, kò kan ẹ̀rọ.

Ẹ mú abọ́ dúdú ọ̀hún wá ná. Mo ti ṣiṣẹ́ nídìí bẹ́líìtì rí, mo sì ti fi ẹ̀rọ alágbèéká tó ń ka irú ìmọ́lẹ̀ yìí yẹ irú abọ́ bẹ́ẹ̀ wò. Ìlà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tó ta padà hàn, tó yẹ kó máa lọ sókè, kó máa wá sílẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ṣe ló tẹ́ pẹrẹsẹ. Nọ́ńbà 5 sì hàn ketekete nídìí abọ́! Carbon black, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú dúdú bí èédú, tí wọ́n fi pa á láró ló gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ mì. Abọ́ funfun tí wọ́n fi polypropylene kan náà ṣe, ojú ẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ pe orúkọ rẹ̀. Bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ dúdú, kí sẹ́ńsọ̀ má baà máa rí i. Abọ́ dúdú lórí bẹ́líìtì dúdú: lójú ẹ̀rọ, kò sóhun tó wà níbẹ̀.

Ìgò PET tí wọ́n fi ọ̀rá PVC, irú ike mìíràn, wé láti ọrùn dé ìdí ńkọ́? PVC ni ẹ̀rọ sábà máa ń pè é. Nọ́ńbà 1 ò gbà á sílẹ̀.

Wọ́n á ní kí ló dé tí wọ́n fi wá kọ nọ́ńbà sí i. Ọdún 1988 ni ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ike ní Amẹ́ríkà gbé e jáde, kí àwọn tó ń ṣa ike lè mọ irú èyí tó jẹ́. Ojú èèyàn ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Ó dáa, àwọn kan ń dán àmì ìkọ̀kọ̀ kan wò tí kámẹ́rà lè rí lára ike, ṣùgbọ́n onígun mẹ́ta yín kọ́ nìyẹn. Aró dúdú mìíràn tí kò ní carbon black nínú náà ti wà, ẹ̀rọ sì ń dá ike tí wọ́n fi pa mọ̀. Nọ́ńbà 5 kan náà ló ṣì wà nídìí rẹ̀.