Kóòtù ò dárúkọ ẹlẹ́rìí torí kí ọ̀daràn lè rí i mú o

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láti Sábó títí dé Ìgbógbó, pé ṣe ni kóòtù ń mọ̀ọ́mọ̀ dárúkọ ẹlẹ́rìí ní gbangba kí àwọn ọmọ ìta lè mọ ilé ẹ̀, pé l'Ámẹ́ríkà pamọ́ ni wọ́n máa ń fi wọ́n sí. Látìgbà tí àwọn apààyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ti dààmú wa ní 2016 sí 2017 lẹ̀rù yìí ti wọ̀ wá lára, mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Àmọ́ irọ́ ni.

Torí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni wọ́n ṣe ń dárúkọ. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ẹ̀ka 36, ní gbangba ni kí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́, ó sì fún ẹni yẹn láyè kóun tàbí lọ́yà ẹ̀ bi ẹlẹ́rìí ìjọba ní ìbéèrè. Ẹ wá rò ó wò, ká ní ẹnì kan lóun rí ọmọ yín níbi tó ti ń jalè lóru, tẹ́ ẹ bá mọ ẹni náà ẹ lè sọ fún lọ́yà yín pé ẹ̀yin àti ẹ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́ (ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìkòròdú), tàbí pé ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa lálẹ́, ẹlòmíì tó gbọ́ orúkọ yẹn sì lè jáde wá pé Ẹ̀pẹ́ lẹni yẹn wà lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ òun ló sùn. Tí wọ́n bá fi orúkọ pamọ́, ibo lẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ní 2017 yẹn náà, n'Ódógunyán, àwọn èrò pa ọ̀dọ́mọkùnrin aláwàdà kan láìgbé e dé kóòtù, wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ Badoo ni. Kò sẹ́ni tó dúró sọ pé èmi lágbájá ni mo rí i, kò sẹ́ni tí wọ́n bi ní ìbéèrè kankan. Ó ṣì ń dùn mí.

Ti Amẹ́ríkà yẹn ńkọ́? Ètò tí wọ́n ń pè ní WITSEC, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1971, lóòótọ́ ló ń fún ẹlẹ́rìí lórúkọ tuntun àti ilé tuntun, àmọ́ ìgbé ayé ẹ̀ níta ni wọ́n ṣe é fún. Ní kóòtù, ojú ẹni tó ń jẹ́jọ́ ló ti máa ń sọ tẹnu ẹ̀.

Àyè ìpamọ́ sì wà lọ́dọ̀ wa náà. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ACJA 2015, ẹ̀ka 232, gbà kí wọ́n fi orúkọ ẹlẹ́rìí pamọ́ nínú ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀, ìgbésùnmọ̀mí, jìbìtì owó ńlá àti gbígbé èèyàn tà, kó jẹ́rìí lẹ́yìn aṣọ, kó bojú, tàbí kó sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Tọ́mọdé bá wà nínú ẹjọ́, ẹ̀ka 36 yẹn náà gba adájọ́ láyè kó lé èrò jáde. Ẹni tó kàn ta ọlọ́pàá lólobó, ìyẹn ò tíì di ẹlẹ́rìí, òfin ò sì fipá mú ọlọ́pàá láti sọ ibi tó ti gbọ́ ọ.

Ibi tó yẹ ká ti pariwo ni pé ẹjọ́ ń pẹ́ jù, ẹlẹ́rìí á sì máa dá lọ dá bọ̀ láìsí ẹ̀ṣọ́ kankan. Tẹ́rù bá ń bà yín, ẹ tètè sọ fún lọ́yà ìjọba kí ọjọ́ tí wọ́n máa pè yín tó kò, torí òun ló máa bẹ adájọ́ fún ìpamọ́ yẹn.