Ẹniọlá ni orúkọ mi, kì í ṣe ?ni?lá

Inú ń bí mi, mi ò sì ní gbé e mì. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo jí n'Ìbàdàn, mo wọ ọkọ̀ ní Ìwó Road kí ilẹ̀ tó mọ́, mo há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Berger títí dé orí afárá Third Mainland, gbogbo rẹ̀ torí àpérò àwa tí à ń ṣe ojú-ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì. ₦25,000 ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, owó ọkọ̀ ò sí níbẹ̀ o. Mo dénú ọgbà, wọ́n na káàdì sí mi pé kí n fi kọ́ ọrùn. ?ni?lá ni wọ́n tẹ̀ sí i.

Mo ní èyí kọ́ ni orúkọ mi. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ní, "Ẹ má bínú mà, bí kọ̀ǹpútà ṣe gbé e jáde nìyẹn." Mi ò bá a jà, òun kọ́ ló ṣe é.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà náà kọ́! Ẹnì kan ló ṣe fọ́ọ̀mù tí a fi forúkọ sílẹ̀, tí kò lo UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè, délẹ̀. Ibì kan lọ́nà ló ti gba Ẹ àti ọ lọ́wọ́ mi, tó fi àmì ìbéèrè dípò wọn. Ẹ wo á tó gbẹ̀yìn, kò ṣe nǹkan kan, torí àwọn ará Spéènì náà ń lò ó. Láti 1992 ni Ken Thompson àti Rob Pike ti ṣe UTF-8. Èwo ni ti àwáwí kọ̀ǹpútà lónìí?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó gbé mi kúrò nílé gan-an ni ti aago mọ́kànlá: bí a ṣe ń mú ojú-ìwé fúyẹ́ fún ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀. Àwọn aláṣọ ní Gbági ni mò ń ṣiṣẹ́ fún. Fóònù olówó pọ́ọ́kú ni àwọn oníbàárà wọn ń lò, bí ojú-ìwé bá pẹ́ kó tó ṣí, wọ́n ti bá tiwọn lọ. Ọkùnrin tó gorí pèpéle fi ogójì ìṣẹ́jú polówó ilé-iṣẹ́ tó rán an wá. Kò kọ ìlà CSS kan ṣoṣo, èdè tí a fi ń ṣe ojú-ìwé lọ́ṣọ̀ọ́! Kò sọ bí a ṣe ń dín àwòrán kù, kò dárúkọ fọ́ǹtì, ìyẹn fáìlì tó ń sọ bí lẹ́tà ṣe máa rí lójú. Oúnjẹ ọ̀sán ò kárí, ìyẹn ò dùn mí.

Wọ́n ní ká béèrè ọ̀rọ̀, mo nawọ́. Báwo la ṣe fẹ́ mú fọ́ǹtì fúyẹ́ kí Yorùbá má fi bàjẹ́? Torí nínú Google Fonts, níbi tí a ti ń mú fọ́ǹtì lọ́fẹ̀ẹ́, inú fáìlì lẹ́tà àwọn ará Vietnam ni ẹ àti ọ wà, ṣ wà nínú òmíràn. Bí fọ́ǹtì tí o mú ò bá ní ti Vietnam, browser, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣí ojú-ìwé, á lọ yá ẹ àti ọ níbòmíràn, orúkọ èèyàn á wá rí bí àǹkárá tí wọ́n fi àkísà lẹ̀. A ò tíì dé orí ẹ́, tí Unicode, àkójọ tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ò fún ní nọ́ńbà tirẹ̀: ẹ ni à ń kọ́kọ́ tẹ̀, ká tó gbé àmì ohùn lé e lórí, bí fọ́ǹtì ò bá sì mọ ibi tí àmì ń jókòó sí, á fò lọ sórí lẹ́tà kejì.

Atọ́kùn gba máíìkì lọ́wọ́ mi. Ó ní ìbéèrè yẹn ò kan ju èèyàn díẹ̀ lọ, ká gba èyí tó máa wúlò fún gbogbo ilé. L'Ékòó! Nínú gbọ̀ngàn tí Ṣadé àti Ọpẹ́yẹmí kún bámúbámú! Mo wo ọrùn ẹni tó jókòó tì mí. ?lá ni wọ́n tẹ̀ fún un, ó ti fi bíróò kọ Ọ lé àmì ìbéèrè náà lórí.

Mo délé lálẹ́, ìwé-ẹ̀rí ti wọlé sínú ímeèlì mi. ?ni?lá náà ni wọ́n kọ. Mo dá a padà fún wọn.