Nínú ajá cross, ìdajì kan wà tí a kì í dárúkọ

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọmọ ajá lẹ́bàá títì l'Ékòó tàbí n'Ìbàdàn, orúkọ tí ẹ máa gbọ́ ni Rottweiler cross, Boerboel cross, Caucasian cross, Alsatian cross. Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ kí ni? Ẹni tó ń tà kì í sọ, ẹni tó ń rà kì í bèèrè. Èrò ọkàn mi ni pé ìdajì tí a kì í dárúkọ yẹn, ìyẹn ajá ìbílẹ̀ wa, ló ń ba àfojúbù wa jẹ́. A ti kà á sí òfo. Gbogbo àmì tí a bá wá rí lára ọmọ ajá, ajá òyìnbó la máa ń kó o fún.

Ẹ wo àwọ̀ Rottweiler: ara dúdú, àmì pupa méjì lókè ojú, pupa lẹ́rẹ̀kẹ́, láyà, lẹ́sẹ̀ àti lábẹ́ ìrù. Bí ọmọ ajá bá ti ní àmì méjì lókè ojú yẹn, owó ti gòkè nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, jíìnì (ohun inú ara tí òbí fi ń ta àbùdá lé ọmọ lọ́wọ́) tó ń mú àwọ̀ yìí wá jẹ́ èyí tó máa ń fara pamọ́. Kò ní hàn lára ọmọ àfi tí ọmọ bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá. Jíìnì àwọ̀ pupa tó wọ́pọ̀ lára ajá ìbílẹ̀ máa ń borí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Rottweiler gidi fi lè gun abo ajá pupa, kí gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sì jẹ́ pupa. Ajá ìbílẹ̀ méjì tí wọ́n gbé jíìnì dúdú yìí pamọ́ sára lè bí ọmọ tó ní àmì lókè ojú, láìsí Rottweiler kankan ládùúgbò. Dúdú tó bo imú àti ẹnu, tí wọ́n fi ń ta Boerboel, kò sàn ju ìyẹn lọ. Ó kún ara ajá pupa ìbílẹ̀.

Irun ló máa ń tú àṣírí jù lójú tèmi. Irun gígùn náà jẹ́ ohun tó máa ń fara pamọ́. Bí Caucasian onírun kíkún bá gun ajá ìbílẹ̀ onírun kúkúrú, irun kúkúrú ni àwọn ọmọ máa ní, tàbí kó gùn díẹ̀ ju ti ìyá lọ. Bí ẹnì kan bá wá gbé ọmọ ajá onírun gígùn jáde, tó ní ajá ìbílẹ̀ pọ́ńbélé ni ìyá rẹ̀, ẹ bi í pé níbo ni ìyá ti rí irun gígùn tó fún un. Ó lè jẹ́ pé ìyá gan-an ti ní àdàlù nínú. Ó sì lè jẹ́ pé òun kọ́ ni ìyá. Ti Lhasa, ajá kékeré onírun gígùn, yàtọ̀ pátápátá, torí pé jíìnì irùngbọ̀n àti irun gígùn lókè ojú jẹ́ èyí tó máa ń borí. Ọmọ tí Lhasa gidi bí gbọ́dọ̀ ní irùngbọ̀n díẹ̀ kódà tí irun ara rẹ̀ bá kúrú. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ń dán láìsí irùngbọ̀n rárá, ẹ má san owó Lhasa lé e.

Etí kò ṣeé gbára lé. Ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 tí wọ́n ń ta ọmọ ajá, etí Alsatian gidi sábà máa ń wó sílẹ̀. Ó lè dìde, kó tún wó nígbà tí eyín bá ń pààrọ̀, láàárín oṣù 4 sí 6. Etí ọ̀pọ̀ ajá ìbílẹ̀ sì máa ń dúró ṣánṣán, nítorí náà etí tó dúró kò sọ ẹ̀rí kankan.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ajá náà ń ṣì í. Lọ́dún 2009, dókítà ẹran Victoria Voith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California gbé àyẹ̀wò DNA sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tí àwọn ilé tó ń gba ajá sílẹ̀ fún àgbàtọ́ ti fún ajá 20. Nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ ẹ̀yà kan pàtó fún, 87.5% ló ní, ó kéré tán, orúkọ kan tí àyẹ̀wò kò rí rárá. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn olùwádìí ìwà ajá, John Paul Scott àti John Fuller, ti pa Basenji, ajá tó wá láti Congo, pọ̀ mọ́ Cocker Spaniel ní Bar Harbor ní ìpínlẹ̀ Maine. Àwọn ọmọ kò jọ bàbá, wọn kò jọ ìyá. Ìran kejì tún wá ní oríṣiríṣi ìrísí. Ajá olókìkí méjì péré nìyẹn o. Ajá àdúgbò tiwa ti lọ́ mọ́ra wọn láti ìran dé ìran.

Ohun mìíràn wà tí olùtajà kì í fẹ́ kí a ronú sí. Abo ajá tí ara rẹ̀ ń wá akọ lè gba akọ fún ọjọ́ mélòó kan, akọ méjì tàbí mẹ́ta sì lè gùn ún. Àwọn ọmọ tó bí lẹ́ẹ̀kan náà lè ní bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Boerboel ńlá tí wọ́n fi hàn yín nínú àgò lè jẹ́ bàbá ọmọ méjì nínú mẹ́fà, kí ajá tó fo ògiri wọlé lóru jẹ́ bàbá àwọn yòókù.

Nítorí náà, ìyá ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè fún. Ẹ rí i níbi tí àwọn ọmọ ti ń mu ọmú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ̀n ni mo gbà pé ó ṣeé gbọ́kàn lé ju ojú lọ. Ẹ gbé ọmọ ajá dání, ẹ gun ìwọ̀n tí èèyàn fi ń wọn ara rẹ̀, ẹ kọ iye rẹ̀. Ẹ sọ ajá kalẹ̀, ẹ tún gùn ún, ẹ yọ èkejì kúrò nínú àkọ́kọ́. Ẹ máa ṣe é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó tó jẹun àárọ̀. Ajá tí kò ní tóbi púpọ̀ máa ń dé ìdajì ìwọ̀n àgbà rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù 4, ajá ńlá máa ń pẹ́ tó oṣù 5 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Bí "Boerboel cross" yín bá jẹ́ kìlò 7 ní ọ̀sẹ̀ 16, kìlò 14 sí 16 ni kí ẹ máa retí, ìwọ̀n ajá ìbílẹ̀ sì nìyẹn. Boerboel gidi ti kọjá kìlò 15 dáadáa nígbà náà. Ohun tó ń ba ìṣirò yìí jẹ́ ni aràn àti ebi. Ọmọ ajá tí aràn kún inú rẹ̀ máa ń ní ikùn ńlá àti egungun ìhà tó yọ, kò sì ní dàgbà bó ṣe yẹ. Ẹ fún un ní oògùn aràn ná, lẹ́yìn náà kí ẹ tó gba ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́.

Ó dùn mí púpọ̀ pé orúkọ ẹnu lásán máa ń wọ inú oògùn. Kìlò la fi ń díwọ̀n oògùn aràn àti oògùn ibà eégbọn, kì í ṣe "ajá ńlá ni". Àwọn kan ń gún ajá ní ivermectin, oògùn aràn tí wọ́n ṣe fún màlúù. Àwọn ajá Collie àti àwọn Alsatian kan wà tí jíìnì ara wọn kì í jẹ́ kí ọpọlọ wọn dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ oògùn yẹn. Ó lè pa wọ́n. Bí ẹ kò bá mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ajá yín, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran ṣe é.

Ìwà náà ńkọ́? Ìwádìí Kathleen Morrill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2022, lórí ajá tó lé ní 18,000, fi hàn pé ẹ̀yà ṣàlàyé nǹkan bí 9% péré nínú ìyàtọ̀ ìwà láàárín ajá kan sí òmíràn. Ẹni tó ń ra Rottweiler cross kó lè ṣọ́lé, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ni kó wò.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe DNA, ẹ ya ọmọ ajá kúrò lọ́dọ̀ ìyá ná, kí wàrà àti itọ́ ìyá má bàa dàpọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ẹ má fún un lóúnjẹ fún wákàtí kan ó kéré tán, ẹ wá fi igi àyẹ̀wò náà pa inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè bóyá ilé-iṣẹ́ náà ní ajá ìbílẹ̀ Áfíríkà nínú àkójọ tí wọ́n fi ń wéra. Bí kò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà wọn máa wá ẹ̀yà tó sún mọ́ ọn jù, ó sì lè pe ajá yín ní Basenji. Àwọn ìdá kéékèèké bíi 2% tàbí 3%, ẹ má kó ọkàn lé e.

Títí èsì yóò fi dé, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ sórí káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni: "Ajá ìbílẹ̀ àdàlù, bàbá kò dájú, kìlò 7 ní ọ̀sẹ̀ 16."