Èsì wa lórí atalẹ̀ gbígbẹ tó kéré tó sì dúdú

Ẹ ǹlẹ́ mà. Ìràwọ̀ méjì péré lẹ fún wa lórí kílò kan atalẹ̀ gbígbẹ tí ẹ rà. Ẹ ní ó dúdú bí ti èṣí, ó rí wínníwínní bí èyí tí wọ́n gbá jọ nísàlẹ̀ àpò, ó ti bu, ó wọ́n ju ti ìgbà kan lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru yín ò sì tìtorí rẹ̀ wálẹ̀.

Ti bíbu yẹn ni kí n kọ́kọ́ mú. Mo rí ẹyọ méjì tó hu funfun nínú fọ́tò yín. Ẹ̀bi wa ni. Kò tíì gbẹ dénú tí a fi dì í. Ẹ má wulẹ̀ gé ibi tó bu kúrò, ẹ da gbogbo ẹ̀ nù. Kílò mìíràn ń bọ̀, àwa la máa sanwó ọkọ̀.

Ti dúdú, mi ò gbà pé ti èṣí ni. Èyí tí ẹ rà tẹ́lẹ̀, Tafin Giwa ni, àtẹ́lẹsẹ̀ erin lédè Haúsá: ó sanra, ó sì pupa rúsúrúsú. Èyí tó dé báyìí, Yatsun Biri ni, ìka ọ̀bọ. Ṣé ìka ọ̀bọ lè tóbi ni, mà? Gúúsù Kaduna ni méjèèjì ti ń wá. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kì í bó o, ńṣe ni wọ́n ń là á tèèpo-tèèpo kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Lẹ́nu tèmi, ìka ọ̀bọ ló ta jù. Àmọ́ ó yẹ ká kọ orúkọ rẹ̀ sára ọ̀rá, a ò kọ ọ́. Ẹ má bínú.

Owó ńkọ́? Lọ́dún 2023, àrùn kan wọ oko atalẹ̀ níbẹ̀, ó ń jẹrà nínú ilẹ̀. Atalẹ̀ kò sì ní kóró tí à ń gbìn; ara rẹ̀ náà là ń gé gbìn bí iṣu. Ẹni tí tirẹ̀ jẹrà pàdánù èyí tó fẹ́ tà àti èyí tó fẹ́ gbìn. Ìgbà yẹn ni owó rẹ̀ gun òkè àjà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru, a ò kọ ọ́ síbì kankan pé ó ń wò ó. Ẹ má torí atalẹ̀ pa oògùn dókítà tì o. Bí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bá wà nínú èyí tí ẹ ń lò, ẹ bi dókítà kí ẹ tó máa mu atalẹ̀ lójoojúmọ́.

Tí kílò tuntun bá dé, ẹ dín èyí tí ẹ ń fi sínú sóbò kù. Gbígbẹ ju tútù lọ ní títa. Ọmọ mi kan sunkún nítorí ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.