Lẹ́yìn Oògùn Oṣù Mẹ́fà, Ta Ló Ń Wo Ẹ̀dọ̀fóró?

Ní ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọjọ́ ayọ̀ ni ọjọ́ tí aláìsàn bá parí oògùn. Oṣù mẹ́fà gbáko ló ti fi ń gbé e mì, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fi ń fún un. Nọ́ọ̀sì yóò ṣí káàdì rẹ̀, yóò wo èsì kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò kẹ́yìn, yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí kòkòrò mọ́, yóò sì kí i kú oríire. Ohun tí wọn kì í sábà bi í lọ́jọ́ náà ni bóyá ó lè gun àtẹ̀gùn ilé òkè láìdúró. Àwọn kan wà nínú wọn tí kò lè gùn ún. Wọn yóò dúró lágbedeméjì bí ẹni tó ń tún ìró ró, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà mọ̀ pé èémí ló tán.

Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé iṣẹ́ kò tí ì parí lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n tó pa fáìlì ẹnikẹ́ni tó lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tán dé, ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ rí i dájú pé wọ́n ti wọn èémí rẹ̀, àti pé ẹni tí ìwọ̀n náà bá fi hàn pé ọ̀nà èémí rẹ̀ ti dí yóò rí ìtọ́jú gbà láìta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ wà nínú iṣẹ́ tí àwọn purotéènì kan ń ṣe nínú ara ọmọ ènìyàn, iṣẹ́ tí oògùn tí ń pa kòkòrò kò lè tún ṣe.

Bí a bá ti gbọ́ purotéènì, ẹ̀wà àti ẹyin ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Èyí tí à ń wí kò sí nínú abọ́. Sẹ́ẹ̀lì ara ló ń pèsè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní neutrophil, òun sì wà lára àwọn ọlọ́dẹ tó máa ń tètè dé ibi tí kòkòrò bá ti wọlé. Ó gbé purotéènì kan sápò tó ń jẹ́ elastase, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gé nǹkan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọ̀bẹ tó fi ń gé kòkòrò yìí náà ló lè fi gé àwọn okùn tí ń fà bíi rọ́bà nínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn àwọn okùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró sún kì padà lẹ́yìn tí a bá ti mí sínú, kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Bí okùn wọ̀nyí bá já, afẹ́fẹ́ yóò wọlé ṣùgbọ́n kò ní í rọrùn fún un láti jáde. Àyà aláìsàn yóò kún bí àpò tí wọ́n fún lẹ́nu, síbẹ̀ èémí kò ní í tó o.

Ẹlẹ́dàá kò fi ọlọ́dẹ náà sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀dọ̀ ń pèsè purotéènì mìíràn, alpha-1 antitrypsin, tí ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró láti di elastase lọ́wọ́ mú. Ní 1963, Carl-Bertil Laurell àti Sten Eriksson ní orílẹ̀-èdè Sweden ṣàkíyèsí pé purotéènì ìdènà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn bíi mélòó kan, àti pé ẹ̀dọ̀fóró àwọn kan nínú wọn ti jẹ nígbà tí wọn kò tí ì darúgbó. Láti ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé àwọn onímọ̀ pé kì í ṣe ohun tó wọlé láti ìta nìkan ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Èéfín sìgá ń ṣe ibi méjì pọ̀ ní tirẹ̀: ó ń ké pe ọlọ́dẹ púpọ̀ sí i wá, ó sì ń ba purotéènì tó yẹ kó dá wọn lẹ́kun jẹ́.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ọ̀nà tirẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì mìíràn, macrophage, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé kòkòrò mì, yóò sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ti wọ̀ yìí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn purotéènì jáde, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní MMP-1, tí ń jẹ collagen, ohun tó dà bí igi àjà fún ẹ̀dọ̀fóró. Bí igi àjà bá ti jẹ, ilé yóò wó, ihò yóò sì yọ. Inú ihò náà ni kòkòrò ti ń rí àyè bí sí i, ibẹ̀ ló sì ń gbà bọ́ sínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí yóò fi ran ará ilé àti ará ọjà. Oògùn oṣù mẹ́fà yóò pa kòkòrò; a kì í ṣe aláìmoore, ẹ̀mí àìmọye ènìyàn ni oògùn náà ti gbà là. Ṣùgbọ́n kò sí hóró kan nínú rẹ̀ tí ń gbé igi àjà dìde.

Nàìjíríà ni ikọ́ ẹ̀gbẹ ti pọ̀ jù lọ ní Áfíríkà, àwọn ènìyàn tí wọ́n sì rí àrùn náà lára wọn ní 2023 nìkan lé ní 350,000. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn bí a ṣe ń wo ìwádìí kan tí àwọn oníṣègùn ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ lábẹ́ BOLD, ètò àgbáyé kan tí ń ṣèwádìí àrùn ọ̀nà èémí tó dí, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016. Wọ́n mú àwọn àgbàlagbà tó ti pé ogójì ọdún sókè, wọ́n ní kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ, wọ́n sì rí i pé ọ̀nà èémí ìdá 7.7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti dí. Àwọn olùwádìí fúnra wọn sọ pé iye náà kò pọ̀, a kò sì ní í bù mọ́ ọn. Ohun tó gbà wá láfiyèsí ni pé ìdá 0.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni dókítà ti sọ fún rí pé wọ́n ní irú àrùn bẹ́ẹ̀. Ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò kò mu sìgá rí láyé wọn. Àwọn tó sì ti ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ikọ́ fée (asthma) rí wà nínú ewu ìdíwọ́ èémí ní ìlọ́po-ìlọ́po ju àwọn yòókù lọ.

Ìwádìí kan náà kò rí ìsopọ̀ láàárín igi ìdáná àti ọ̀nà èémí tó dí. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní í dùn mọ́ àwọn tó gbà pé èéfín ilé ìdáná ló ni gbogbo ẹ̀bi, àwa náà sì ti kọ irú rẹ̀ rí lójú ewé yìí. Èyí kò sọ èéfín di ohun rere, nítorí ó ń pa ọmọdé pẹ̀lú òtútù àyà, ó sì ń ba ọkàn jẹ́. Obìnrin tó ń yan gààrí láti ìdájí, tójú rẹ̀ ń ṣomi lórí agbada, kò nílò ìwádìí kankan kó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ibi tí owó kékeré ti lè ṣe iṣẹ́ ńlá fún ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà, àwọn tó ti ní ikọ́ ẹ̀gbẹ rí ni ká kọ́kọ́ wò. Orúkọ wọn wà nínú ìwé ìjọba, nọ́ńbà fóònù wọn wà níbẹ̀, a mọ ọjọ́ tí wọn yóò wá gba oògùn tó kẹ́yìn.

Àwọn kan yóò sọ pé oògùn tuntun ti dé. Òótọ́ ni. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí dupilumab fún irú àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n ń pè ní COPD, ìyẹn èyí tí ọ̀nà èémí ti dí tí kì í ṣí tán mọ́; abẹ́rẹ́ ni, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń gún un, ó sì ń dí ẹnu ọ̀nà tí purotéènì méjì, IL-4 àti IL-13, ń gbà fi iṣẹ́ rán àwọn sẹ́ẹ̀lì. Nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní BOREAS, ó fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín iye ìgbà tí àìsàn náà ń ru kù. Ní 2025 ni wọ́n tún fọwọ́ sí mepolizumab, èyí tí ń dá IL-5, purotéènì irú wọn mìíràn, dúró. A kí àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Àmọ́ ta ni wọ́n ṣe ìwádìí náà fún? Kí ènìyàn tó lè wọ inú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti mu sìgá tó páálí kan lóòjọ́ fún ọdún mẹ́wàá tàbí iye tó bá ìyẹn dọ́gba, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun mìíràn tí wọ́n ń pè ní eosinophil sì gbọ́dọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà Ifẹ̀ tí kò fẹnu kan sìgá rí kò sí lára wọn. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín ẹ̀wẹ̀, aràn inú lásán lè mú kí eosinophil pọ̀, tí ẹni tó bá ń ka èsì ẹ̀jẹ̀ yóò fi rò pé ẹ̀dọ̀fóró ló fà á. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ owó abẹ́rẹ́ náà, tó jẹ́ pé àwọn ìlú olówó pàápàá ń kùn sí i.

Ohun tó wà ní àrọ́wọ́tó wa kò gba owó tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ spirometer tí a fi ń wọn èémí kò ju ohun tí ènìyàn lè gbé sínú báàgì lọ, a sì lè kọ́ nọ́ọ̀sì bí yóò ṣe lò ó. Owó ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bíi mélòó kan kò tó iye jíìpù kan tí alága káńsù ń gùn. Níbi tó bá wà lónìí, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ló sábà máa ń wà, níbi tí ará oko yóò ti ná owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí dókítà. Nítorí náà ni ẹni tí èémí ń gé fi ń ti kẹ́míìsì kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń ta omi ikọ́ fún un lónìí, tí wọ́n ń ta oògùn apakòkòrò fún un lọ́la, títí ẹnìkan yóò fi sọ fún un pé ikọ́ ẹ̀gbẹ rẹ̀ ló padà dé, tí yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ oògùn tí kò nílò.

Ọ̀rọ̀ ínhélà kò ṣeé fojú fò. Salbutamol, tí ń ṣí ọ̀nà èémí, àti budesonide, tí ń dín wíwú inú rẹ̀ kù, tí a ń fi ẹnu fà sínú, wà lára àwọn oògùn kòṣeémánìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tò sílẹ̀. Síbẹ̀, láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ oògùn GSK ti kéde ní oṣù Kẹjọ 2023 pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, owó ínhélà ti fò kọjá ohun tí òṣìṣẹ́ lásán lè dá rà lóṣooṣù. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ pé dandan ni ètò náà fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Bí ó bá jẹ́ dandan fún wa láti san owó sí i, kí ó jẹ́ dandan fún wọn láti fi ínhélà méjèèjì sínú ohun tí owó náà ń rà, ní gbogbo ìpínlẹ̀, láìsí pé aláìsàn ń tọrọ ìwé àṣẹ káàkiri ọ́fíìsì.

A mọ èsì tí wọn yóò fún wa: owó dà? Owó àlejò ni a ti fi ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ tipẹ́, a sì rí i ní 2025 bí ó ti rí nígbà tí Amẹ́ríkà fa ọwọ́ ìrànwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti àwọn gómìnà wa. Ètò tí àlejò bá ṣe, kòkòrò ni yóò kà, nítorí iye kòkòrò tó kú ni yóò fi jíhìn fún àwọn tó rán an. Ẹni tó ń mí hẹlẹ nílé lẹ́yìn náà kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Aráàlú gómìnà ni.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe Àyájọ́ Ọjọ́ Ikọ́ Ẹ̀gbẹ Lágbàáyé, tí àwọn aláṣẹ wa ń wọ fìlà àti ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ nǹkan sí láyà. Èyí tó ń bọ̀, kí kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀rọ kan wá sórí pápá, kí ó pe ẹni tó parí oògùn lóṣù náà síwájú, kí onítọ̀hún fẹ́ ẹ lójú gbogbo wa, kí a sì jọ wo nọ́ńbà tó bá jáde.