Par lórí káàdì kì í ṣe GIR

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù gbà pé ihò tí wọ́n bá ti gba par, ìyẹn iye gbígbá tí wọ́n yàn fún ihò náà, wọ́n ti ní green in regulation (GIR) níbẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun kan ṣoṣo ni GIR ń béèrè: ẹ̀ẹ̀melòó lo gbá bọ́ọ̀lù kó tó dé orí green, ibi tí wọ́n dìídì tọ́jú yí ihò ká?

Mú par ihò náà, yọ méjì kúrò. Méjì yẹn ni ti putter, ọ̀pá tí a fi ń ti bọ́ọ̀lù lórí green. Ní par 3, gbígbá àkọ́kọ́ ló gbọ́dọ̀ dé orí green, ní par 4 èkejì, ní par 5 ẹ̀kẹta. Bó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a kà á. Ìbáà jẹ́ inú kòtò iyanrìn lo ti gbá a dé ibẹ̀, a kà á.

Wo ihò par 4 kan. Ẹnì kan gbá èkejì rẹ̀ kọjá green, ó fi wedge, ọ̀pá tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè, dá a padà sẹ́bàá ihò, ó sì fi putter tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ó gba par, kò ní GIR. Ẹnìkejì rẹ̀ dé orí green ní gbígbá kejì, ó wá lo putter lẹ́ẹ̀mẹta. Bogey, ìyẹn gbígbá kan ju par lọ, ló gbà, síbẹ̀ ó ní GIR. Ẹni tó gba par yìí gan-an ló yẹ kó lọ tún ọ̀pá irin rẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n bó bá ń fi par ka GIR, kò ní mọ̀ láé.

Etí green ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Koríko fringe tó yí green ká kì í ṣe green, kódà bó o bá fi putter gbá a láti ibẹ̀. Ká ní o dé fringe ní gbígbá kejì, o fi putter sún un mọ́ ihò, o sì tì í wọlé. Bó o bá kọ putt (gbígbá putter lórí green) méjì sílẹ̀, 4 dín 2 á fún ọ ní 2, GIR èké nìyẹn. Putt kan péré lo ní: 4 dín 1 jẹ́ 3, ó ti pẹ́ jù. Àmọ́ Òfin gọ́ọ̀fù 13.1a là á yé wa pé bí apá kan lára bọ́ọ̀lù bá ti kan green, orí green ló wà. Torí náà, bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa. Èyí tó balẹ̀ sórí green tó sì yí jáde kò wọ ìṣírò.

Lórí àwọn pápá wa tó ń lo browns, iyanrìn tí wọ́n fi epo pò, ìṣírò kan náà ni, torí ibi tí wọ́n dìídì tọ́jú fún putt ni òfin ń pè ní green.

A máa ń ka ìjìyà mọ́ ọn. Bọ́ọ̀lù kó sómi láti tee, ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ihò, ní par 4: ìkan, ìjìyà di méjì, gbígbá tó kàn ti di ẹ̀kẹta. GIR ti lọ. Ní par 5, bí ẹ̀kẹta yẹn bá dé orí green, o ní in.

Lọ́dún 2000, Tiger Woods ló ṣáájú nínú GIR ní PGA Tour, ìdíje àwọn agbá-gọ́ọ̀fù jẹun ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú nǹkan bí 75%. Green kan nínú mẹ́rin ń bọ́ lọ́wọ́ òun náà, wedge àti putter ló sì fi ń gba par rẹ̀ là níbẹ̀.

Kọ iye tó gbé ọ dé orí green sílẹ̀ kó o tó fọwọ́ kan putter. Bó o bá dúró di ìgbà tí bọ́ọ̀lù wọlé, par á ti tàn ọ́.