Kì í ṣe gbogbo ibi tẹ́ẹ bá ti rí máínọ́ọ̀sì lẹ ó ti yí àmì padà o

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń sú mi, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ lónìí. Láti Takie títí dé Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọmọ tó bá wù yín kẹ́ẹ mú, kó wà ní JSS 3, kó wà ní SS 2, tẹ́ẹ bá bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe inequality (ìṣirò tó ń lo àmì <, ìyẹn "kéré sí", tàbí >, ìyẹn "ju ... lọ"), ohun tó máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀ ni pé "tó o bá ti rí máínọ́ọ̀sì, yí àmì padà." Àwọn òbí gbà á bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ wọn nílé gbà á bẹ́ẹ̀, kódà mo mọ tíṣà tó gbà á bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Òótọ́ díẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn gan an ló sì jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, torí ká ní irọ́ pátápátá ni, à bá ti já a tipẹ́.

Ìwé ọmọ JSS 3 kan wà níwájú mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ìbéèrè náà ni 3x < −12. Ọmọ yìí fi 3 pín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó rí −4, ó ti kọ x < −4 sílẹ̀ tán, ẹ ṣì lè rí ibi tó ti fi írésà pa á, àfi bó ṣe tajú kán rí máínọ́ọ̀sì tó wà níwájú 12, ló bá yí i sí x > −4. Tíṣà wá fi báírò pupa máàkì ẹ̀ pé ó gbà á!

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Tí x bá ju −4 lọ lóòótọ́, a jẹ́ pé òdo wà lára ẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi òdo sípò x, 3 lọ́nà òdo, òdo náà ni. Ṣé òdo wá kéré sí −12 ni? Ẹ wá fi −5 sí i, ó di −15, −15 kéré sí −12, kò síjà. Ìdáhùn tí ọmọ yẹn pa rẹ́ ló tọ̀nà.

Nínú gbogbo ohun tá à ń ṣe sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ìpele tiwọn yìí, ẹyọ kan ló ń yí àmì: kẹ́ẹ fi nọ́ńbà tó ní máínọ́ọ̀sì pín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tàbí kẹ́ẹ fi sọ wọ́n di púpọ̀. Ó tán. Ẹ ro nǹkan mọ́ ọn, àmì ò yí. Ẹ yọ nǹkan kúrò, àmì ò yí. Kí máínọ́ọ̀sì kàn jókòó síbì kan nínú ìṣirò, kò kan àmì rárá. x − 5 < 3, ẹ ro 5 mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, x < 8, ẹ máa lọ.

Kí ló wá dé tó fi ń yí nígbà yẹn? Ẹ wo ẹni méjì, ọ̀kan ní 2,000 náírà lápò, èkejì ní 5,000. Ẹ mọ ẹni tó lówó jù. Ẹ wá sọ owó àwọn méjèèjì di gbèsè. Ẹni tó jẹ 2,000 ló wá sàn jù báyìí, ẹni tó jẹ 5,000 ló wà nísàlẹ̀. Ìyẹn ni pé 2 < 5, ṣùgbọ́n −2 > −5. Ipò wọn ló yí, àmì kàn ń tẹ̀lé e ni. Ṣùgbọ́n ká ní ṣe lẹ yọ 10,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ńkọ́? Àkọ́kọ́ á jẹ 8,000, èkejì á jẹ 5,000, àwọn méjèèjì ti di onígbèsè o, síbẹ̀ èkejì náà ló ṣì sàn jù. Yíyọ ò yí ipò ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí èyí ò bá tíì wọ̀ lórí, kó gbé −2x < 6, kó má fi máínọ́ọ̀sì pín nǹkan kan rárá. Kó ro 2x mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó di 0 < 6 + 2x. Kó yọ 6, ó di −6 < 2x. Kó fi 2 pín in, −3 < x, tó túmọ̀ sí pé x ju −3 lọ. Ṣẹ́ẹ rí i pé x > −3 náà la máa rí ká ní a fi −2 pín in lójú ẹsẹ̀ ká sì yí àmì? Èmi fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún ọmọ tó bá ń bẹ̀rù, ó gùn díẹ̀ àmọ́ kò lè ṣì í lọ́nà.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ "gbé e kọjá" ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọmọ nínú equation (ìṣirò tó ní = láàrin) pé tó bá gbé nọ́ńbà kọjá sí òdìkejì, plọ́ọ̀sì á di máínọ́ọ̀sì, àmì á yí, ó wá dé ibi inequality, ó rí àmì tuntun láàrin, òun náà ló wá ń yí.

Ẹ jẹ́ ká kọ ọ̀kan fúnra wa. Wọ́n fún ẹ ní 5,000 lọ sí ọjà Wazo, ọkọ̀ lọ àti bọ̀ 800, kóńgò gàrí kan 700 (ẹ má bá mi jà lórí iye o, àpẹẹrẹ ni). Kóńgò mélòó lo lè rà? 700x + 800 ≤ 5000. Yọ 800, 700x ≤ 4200, x ≤ 6. Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú níbí kọ́ ni àmì yíyí, < lásán ni wọ́n máa ń kọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé owó lè tán pátápátá láìṣẹ́ kù, 6 wà nínú ẹ̀. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ ≤ yẹn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, pé ó lè kéré sí i tàbí kó bá a dọ́gba. Thomas Harriot, ará Ìlú Ọba, ló lo < àti > nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1631 lẹ́yìn tó ti kú, Pierre Bouguer, ará Faransé, ló wá fi ìlà sábẹ́ ẹ̀ ní 1734.

Tẹ́ẹ bá wá fẹ́ yà á sórí ìlà nọ́ńbà, ẹ ṣe òbìrìkítí sórí 6, ẹ kun inú ẹ̀ (ká ní < lásán ni, inú ẹ̀ á ṣófo), ẹ fa ìlà lọ sápá òsì kẹ́ẹ dúró lórí òdo, torí kò sẹ́ni tó ń ra gàrí tó dín sí òdo. Èèyàn lè ra àbọ̀ kóńgò, ìdí nìyẹn tá a fi fa ìlà. Ká ní máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ ni, tí wọ́n ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, tóótòòtó nìkan lẹ máa tò síbẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tó ń sọ pé ibi tí ṣóńṣó àmì bá kọjú sí ni ẹ ó fa ìlà lọ. Wọ́n á kọ 5 > x fún yín, ẹ ó sì yà á sódì. Ẹ kọ́kọ́ kà á láti ọ̀dọ̀ x wá, x kéré sí 5, apá òsì ni.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ jiyàn, 7 − 2x ≥ 1 rèé. Tí ẹ bá rí x ≤ 3, ó dáa. Tí ẹ bá rí x ≥ 3, ẹ fi 10 sípò x kẹ́ẹ wá bá wa sọ ohun tẹ́ẹ rí.